Ohun Tí Ọ̀gá Mi Ń Kọ Sínú Ilẹ̀kùn Ọkọ̀

Iṣẹ́ tí mo ṣe láyé mi kò ní orúkọ ní ilé ẹ̀kọ́ kankan. Bí o bá fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù, wàá wá mi wá sí Ìkòsí, a ó jọ lọ síbi tí ọkọ̀ náà wà, màá yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀, màá sì sọ irú ayé tó ti jẹ kó tó pàdé rẹ. Ṣé wọ́n ti kọlù ú rí? Ṣé omi ti gbé e rí? Ṣé bó ṣe kúrò ní ilé iṣẹ́ tó ṣe é náà ló ṣì wà? Ẹni tó ń tà á kò ní sọ fún ọ, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kò sì lẹ́nu. Èmi ni mo máa ń dúró láàárín àwọn méjèèjì. Bàbá Kan-án-wò ni wọ́n ń pè mí láti Kétu títí dé Mile 12, nítorí ìka mi kì í yé kan ara irin.

Ọmọ ọmọ mi kan, tó ń rò ó bóyá kí òun lọ kọ́ṣẹ́ tàbí kí òun tún ìdánwò ṣe, bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Gíráńpà, ṣé iṣẹ́ gidi nìyẹn?" Inú kọ́kọ́ bí mi. Nígbà tó yá mo rí i pé ìbéèrè ọmọlúàbí ni, mo wá ní kí n kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ fún òun àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ kò gùn. Bàbá mi mú mi wá láti abúlé wa ní Ògùn, ó fà mí lé Ọ̀gá Múdà lọ́wọ́ ní Ìkòsí, ó jẹ búrẹ́dì kan, ó sì padà sílé. Ti owó náà kò gùn: mo jẹun, mo tọ́mọ, mo kọ́ ilé kékeré kan. Ẹni tó bá ń wá bí yóò ṣe lówó kíákíá, kó má wulẹ̀ dúró ka èyí tó kù.

Panẹ́lì-bítà ni Ọ̀gá Múdà. Ọkọ̀ tó bá forí gbárí, tí ara rẹ̀ wó, òun ló ń na irin rẹ̀ padà títí yóò fi rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú ni, kì í pariwo, kì í sì í lu ọmọ iṣẹ́. Mo mọ àwọn ọ̀gá tó ń fi páìpù lu ọmọ, síbẹ̀ lójú mi, tiwọn sàn ju tiẹ̀ lọ. Ohun tó máa ń ṣe ni pé yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ lé iṣẹ́ tí o ti fi odidi ọjọ́ méjì ṣe, yóò di ojú, yóò rọra fa ọwọ́ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, yóò wá sọ pé, "Tú u." Kò ní sọ ibi tí àléébù wà. Bí o bá béèrè, á ní, "Ọwọ́ tìrẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n gé e ni?" Ọdún kan gbáko ni mo fi ń di ojú, tí mo ń fọwọ́ pa ara ọkọ̀ kiri, kó tó gbé òòlù lé mi lọ́wọ́. Mo sunkún lọ́dún náà ju bí mo ṣe fẹ́ kí ẹ mọ̀ lọ.

Èyí tó le jù nínú òfin rẹ̀ ni ti inú ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù wa láìjẹ́ pé a tú pátákó tó bo inú ilẹ̀kùn awakọ̀, kí a fi ìṣó ha ohun tí a ṣe fún un sára irin ibẹ̀, kí a tó dá pátákó náà padà. Ọ̀gá kò kàwé, àmì ló ń lò. Ìlà kan túmọ̀ sí pé a nà án. Ìlà méjì tó dábùú ara wọn túmọ̀ sí pé a fi iná jó o pọ̀. Òrùka túmọ̀ sí pé a gé e, a so ó mọ́ òmíràn. Òrùka kò wọ́pọ̀. Ọkọ̀ tí iwájú rẹ̀ bá ti run pátápátá la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún: a ó wá èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ run, a ó gé àwọn méjèèjì láàárín, a ó sì so iwájú ọ̀kan mọ́ ẹ̀yìn èkejì. Bí wọ́n bá kùn ún tán, ìyá tó bí i kò lè mọ̀ ọ́n.

Nígbà kan mo gbàgbé àmì náà. Ọkọ̀ ti jáde, oníbàárà ti dúpẹ́, ó ti lọ. Ọ̀gá bi mí, "Wásíù, kí lo kọ sínú ilẹ̀kùn?" Mo ní mo gbàgbé. Ó ní kí n sáré lé e. Orí ló yọ mí tí mo bá ọkùnrin náà lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń ta epo ní Kétu. Níbẹ̀ ni mo ti ń tú pátákó ilẹ̀kùn lójú gbogbo ayé, tí ó ń bú mi, tí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń fọn fèrè. Nígbà tí mo padà dé, mo fi ìbínú sọ fún Ọ̀gá pé oníbàárà náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé a ń kọ nǹkan síbẹ̀.

Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ pé oníbàárà ni mò ń kọ ọ́ fún? Ẹni tó máa tú u lẹ́yìn wa ni mò ń kọ ọ́ fún, kó má baà fọjú ṣe é."

Ẹ̀kọ́ yìí ló bí iṣẹ́ mi. Nígbà tí mo gba fúrídọ̀ọ̀mù, tí mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ibi tí mo fẹ́ ra mọ́tò." Mo bá wọn lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, nígbà tó ṣe, yíyẹ̀wò ju nínà lọ. Kò sí awo kankan níbẹ̀. Ìka ni mo fi ń kan irin: irin tí ohunkóhun kò ṣe ń dún gbọnrangandan, èyí tí wọ́n fi pọ́tì dí ojú ihò rẹ̀ ń dún kú. Mo ní òòfà kékeré kan nínú àpò. Ibi tí pọ́tì bá ti nípọn, òòfà kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Màá gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, màá gbóòórùn abẹ́ àga bóyá omi ti mù ún rí. Lẹ́yìn náà ni màá tú pátákó ilẹ̀kùn, nítorí ọkọ̀ tó bá ti gba Ìkòsí kọjá láyé ìgbà náà, ó ṣeé ṣe kí ọ̀gá mi ti kọ nǹkan sínú rẹ̀. Àwọn oníbàárà á máa fọwọ́ pa ọ̀dà, wọ́n á ní ó ti ṣá. Màá ní ẹ̀tẹ̀ ni ká kọ́kọ́ wò, ká tó wo làpálàpá. Ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ ọkọ̀ ná.

N kì í sọ̀rọ̀ níwájú ẹni tó ń tajà. Àmì wà láàárín èmi àti oníbàárà mi: bí mo bá ti béèrè omi mímu, ká máa lọ. Ọdún bíi mélòó kan ló fi ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ta ọkọ̀ gbọ́n, bí wọ́n bá ti rí mi lókèèrè, wọ́n á ti gbé omi tútù pàdé mi. Mo wá yí i sí pé kí n máa béèrè kẹ́tùlù tí mo fi lè ṣàlùwàlá, wọ́n rò pé mo ti di ẹni Ọlọ́run.

Kí ẹ má rò pé irin iṣẹ́ dúró lójú kan. Ẹ̀rọ kékeré kan dé tí ó ń sọ bí ọ̀dà ṣe nípọn tó, mo gbé òòfà mi tì. Òmíràn dé tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ sítíárìn, tí ó ń ka gbogbo àìsàn ẹ́ńjìnì jáde. Lẹ́yìn náà ni ti fóònù wá dé. Ọmọdé á kàn tẹ nọ́ńbà ṣasí ọkọ̀ tòkunbọ̀ sínú fóònù, á sọ ìlú tí wọ́n ti lò ó lókè òkun, iye ẹni tó ti ní i, àti bóyá ó ti fara gbá. Mo bínú sí fóònù yìí gan-an. Mo ní ṣé fóònù ní ìka ni? Àfi ọjọ́ tí mo yẹ ọkọ̀ kan wò ní Gbàgádà, tí mo ní kò lábùkù, tí fóònù sọ pé omi ti bò ó mọ́lẹ̀ lọ́hùn-ún. A tún un tú, a bá ẹrẹ̀ nínú okùn iná rẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ tó ni fóònù náà. Láti ìgbà náà, mo gbà pé fóònù mọ ayé tí ọkọ̀ jẹ lókè òkun jù mí lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ lẹ́yìn tó dé ọ̀dọ̀ wa, fóònù kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ibi tí mo wá ṣubú sí nìyí, ẹ̀yin ọmọ, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Àlàájà Ráfátù ń ta tòmátì ní Mile 12. Ó jù mí lọ ní ọdún díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń wa ọkọ̀ tó fi ń gbé apẹ̀rẹ̀ lọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Wágọ́nù rẹ̀ àtijọ́ ti kú, ó ń wá òmíràn. Bọ̀dá Rẹ̀mí, tó ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Múdà kí n tó dé, ló sọ pé ọ̀kan wà nílẹ̀ ní ọgbà Ọ̀gá, pé ẹnì kan fi í sílẹ̀ fún òun láti tà. A lọ. Ọ̀gá ti darúgbó nígbà náà, kò ṣiṣẹ́ mọ́, ó jókòó sábẹ́ àtíbàbà níwájú ilé rẹ̀, mo sì dọ̀bálẹ̀ kí i kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ọmọ Àlàájà, tí wọ́n jọ wá, tẹ nọ́ńbà ṣasí. Fóònù ní kò ní ìṣòro kankan. Mo kan ara rẹ̀ yíká, ó dún dáadáa. Mo ní kí n gbé kápẹ́ẹ̀tì, mo sì fa sìkírúdíráfà yọ kí n tú pátákó ilẹ̀kùn. Bọ̀dá Rẹ̀mí di ọwọ́ mi mú.

Ó rọra sọ ọ́ sí mi létí pé, "Wásíù, ṣé o ò ní ojú tì ẹ́ ni? Inú ọgbà yìí ni wọ́n ti tún mọ́tò yìí ṣe. Ọwọ́ Ọ̀gá ni. Ìwọ lo fẹ́ máa tú iṣẹ́ Ọ̀gá wò níwájú Ọ̀gá, lójú oníbàárà?"

Mo wo Ọ̀gá. Ó ń wò wá, kò sọ nǹkan kan. Ojú tì mí lóòótọ́. Lọ́kàn mi, ó dà bí ìgbà tí ọmọ ń yẹ oúnjẹ ìyá rẹ̀ wò bóyá májèlé wà nínú rẹ̀. Mo dá sìkírúdíráfà padà sápò. Kápẹ́ẹ̀tì náà, n kò gbé e mọ́.

Àlàájà bi mí, "Báwo ni?"

Mo ní, "Ó dára, Àlàájà. Ọwọ́ ọ̀gá mi ni."

Ó ní, "Tí ìwọ bá ti ní ó dára, nó ṣékìn." Ó ra ọkọ̀ náà.

Kò tó oṣù mẹ́ta. Ó di apẹ̀rẹ̀ tòmátì kún un, ó ń lọ sí Gbàgádà. Ní Ifákọ̀, ó já sínú kòtò kan, kòtò tí gbogbo wa ń já sí lójoojúmọ́, ilẹ̀ ọkọ̀ náà sì là láàárín. Ó jókòó sílẹ̀ bí ràkúnmí. Ilẹ̀kùn kò ṣí mọ́, irin tó ká wọlé sì di ẹsẹ̀ Àlàájà mú. Àwọn tó ń kọjá ló fi irin já ilẹ̀kùn kí wọ́n tó gbé e jáde. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ dá sí méjì.

Ọmọ rẹ̀ pè mí. N kò lè lọ sí ọsibítù, ẹ̀rù ń bà mí. Ibi tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà sí ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo jókòó sílẹ̀ nínú omi tòmátì, mo tú pátákó tó ṣẹ́kù lára ilẹ̀kùn awakọ̀. Òrùka kan wà níbẹ̀. Ọ̀gá mi ti hà á síbẹ̀ dáadáa, ó jinlẹ̀, ó yípo, ẹni tó ní ojú kan ṣoṣo á rí i.

Mo lọ bá Ọ̀gá, inú ń bí mi, omi sì ń bọ́ lójú mi. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ wà níbẹ̀. Ẹ̀ ń wò wá. Ẹ̀yin lẹ so ọkọ̀ yẹn, kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Ó ní, "Ọkọ̀ wo?" Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní, "Ọmọ mi, ojú mi ò ríran dé ibi tí ẹ dúró sí mọ́. Ká tilẹ̀ ní ó ríran, wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà mìíràn, báwo ni mo ṣe máa dá a mọ̀ nínú gbogbo ọkọ̀ tí mo ti tún ṣe? Torí pé mo mọ̀ pé mo máa gbàgbé ni mo ṣe ń kọ ọ́."

Mo ní, "Ọ̀wọ̀ yín ni mo rò tí n ò fi tú u."

Ìgbà kan ṣoṣo tí mo gbọ́ kí Ọ̀gá Múdà gbé ohùn sókè nìyẹn. Ó ní, "Ọ̀wọ̀ wo? Mo kọ̀wé sí ẹ, o ò kà á, o ń pè é ní ọ̀wọ̀! Ẹni tó ń gbé ara rẹ̀ nìkan lọ síbi iṣẹ́ ni mo máa ń so irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún. Mi kì í so ó fún apẹ̀rẹ̀ tòmátì. Òrùka yẹn ì bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ."

Bóyá Bọ̀dá Rẹ̀mí mọ̀, bóyá kò mọ̀, n kò bi í léèrè, ó sì ti kú báyìí. Ọwọ́ rẹ̀ ló di ọwọ́ mi mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọsibítù, wọ́n ti fi ẹsẹ̀ Àlàájà sínú símẹ́ǹtì funfun. Àwọn ará ọjà tó wá kí i ń sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni, pé a kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Bí mo bá fẹ́, mo lè gba ibẹ̀ jáde. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú gbogbo wọn.

Mo ní, "Àlàájà, mi ò yẹ ọkọ̀ yẹn wò. Ojú ọ̀gá mi ni mo wò. Mo ní ó dára, mi ò sì mọ̀ bóyá ó dára."

Ọmọ rẹ̀ pariwo lé mi lórí. Àlàájà fúnra rẹ̀ yí ojú sí ògiri, ó ní, "Máa lọ, Wásíù."

Mo lọ. N kò bá ẹnikẹ́ni lọ yẹ ọkọ̀ wò mọ́. Mo padà sídìí nínà irin, ẹni tó bá sì wá bá mi fún yíyẹ̀wò, màá júwe ẹlòmíràn fún un. Kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀. Ohùn mi ni n kò gbà gbọ́ mọ́. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ sọ pé "ó dára", ẹsẹ̀ Àlàájà ni mo máa ń rí.

Ó tó oṣù mẹ́jọ kí kẹ̀kẹ́ kan tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Àlàájà Ráfátù ló sọ̀ kalẹ̀, ó mú ọ̀pá lọ́wọ́, ó ń tiro díẹ̀. Mo rò pé ó wá bú mi ni, mo sì ti múra láti gbà á.

Ó ní, "Wọ ẹ̀wù rẹ. Mo fẹ́ lọ ra mọ́tò."

Mo ní, "Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ẹlòmíràn. Wọ́n pọ̀ tí wọ́n mọṣẹ́ yìí jù mí lọ."

Ó ní, "Mo mọ̀ pé wọ́n pọ̀. Àwọn yẹn ò tíì ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ìwọ ti fi ẹsẹ̀ mi kọ́ṣẹ́ tán, ta ni mo tún fẹ́ gbé ìkejì fún kó fi kọ́ ọ?"

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń dúnàádúrà tòmátì, kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Mo wọ ẹ̀wù.

Ọgbà ìtajà mẹ́ta la dé lọ́jọ́ náà. Àlàájà á gba àga, á jókòó ti ọkọ̀, á gbé ọ̀pá lé itan. Mo tú gbogbo ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo gbé kápẹ́ẹ̀tì, mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo tẹ fóònù, mo kì ẹ̀rọ, mo kàn án, mo di ojú, mo fọwọ́ pa á. Ní ọgbà kejì, ẹni tó ń tajà ní, "Àh-àh, Daddy, ṣé ẹ fẹ́ tú mọ́tò mi pa ni? Mummy, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ nau." Àlàájà ní, "Fi í sílẹ̀." A kọ ọkọ̀ méjì. Nígbà tí a débi ẹlẹ́ẹ̀kẹta, oòrùn ti wọ̀, gbogbo aṣọ mi ti di òróró, eékún sì ń dùn mí. Mo yọ jáde lábẹ́ rẹ̀, mo nu ọwọ́.

Àlàájà bi mí, "Báwo ni?"

Mo la ẹnu, "ó dára" kò jáde. Mo ní, "Ilẹ̀kùn ọ̀tún iwájú, wọ́n ti nà án rí, kì í ṣe ọ̀ràn. Ilẹ̀ rẹ̀ kò ní ojú ìsopọ̀. Omi ò mù ún rí. Okùn bíréèkì ẹ̀yìn ti ń gbó, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó di ẹrù. Ibi tí ojú mi dé nìyẹn, Àlàájà. Gbogbo rẹ̀ ni mo wò."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ṣé o rí i? Mi ò béèrè ju báyìí lọ lọ́wọ́ ẹ nígbà yẹn."

Ó dìde, ó san owó ọkọ̀ náà, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ fún mi pé kí n tọ́jú rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, ó wọlé síbi sítíárìn, ó sì ní kí n wá jókòó ti òun, ká jọ wà á dé Mile 12.